Ti Iwájú Ni àbí ti Ẹ̀yìn?

Ní ilé wa, ojú la ń pe kámẹ́rà fóònù. Èyí tó kọjú sí ẹni tó mú fóònù dání ni ojú iwájú, èyí tó wà ní òdìkejì ni ojú ẹ̀yìn. Mi ò rántí ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ èmi. Nígbà tí Fàdílátù ọmọ mi fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Àbíjàn, fóònù méjì tó jọra ni mo rà, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ara mi. Mo sọ fún un pé, "Mi ò fẹ́ kí o máa fi ẹnu lásán kí mi. Ẹnu lè sọ ohun tó bá wù ú. Ṣí ojú iwájú kí n rí ọ."

Bẹ́ẹ̀ la sì ń ṣe é. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó máa ń pè mí, mo sì máa ń wò ó. Tó bá rù, mo máa rí i. Tó bá ti sunkún, mo máa rí i. Kò dìgbà tó bá sọ.

Báàṣì ni mò ń rán, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Ibi tí mo ti ń rán an wà létí títì tó jáde láti Akpakpa lọ sí Ekpè, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti máa ń dúró kí awakọ̀ jẹun. Kò sí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Mo rí báàṣì tó ya, mo wo bí ẹni tó kọ́kọ́ rán an ṣe rán an, mo tú u, mo tún un rán. Bí mo ṣe kọ́ ìwé kíkà náà nìyẹn, lára àpò ìrẹsì àti àpò sìmẹ́ńtì. Ẹni tó bá wá bá mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Omi ti wọ àdúgbò wa, ó dúró síbẹ̀, ó ń rùn. A to búlọ́ọ̀kù sínú rẹ̀ ká lè máa tẹ̀ ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Aṣọ tí mo bá fọ̀ kì í gbẹ. Ògiri yàrá mi ti hu nǹkan dúdú. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, nítorí ìgbà òjò ni awakọ̀ máa ń rántí pé báàṣì òun ti lu.

Fàdílátù kò pè ní Jímọ̀ kan. Kò pè ní èyí tó tẹ̀ lé e. Mo pè é, kò gbé e. Nígbà tó wá pè, ohùn nìkan ni mo gbọ́.

"Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta wo? Níbo lo wọlẹ̀ sí? Ṣí ojú kí n rí ọ."

Mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Ìyá, ojú kan ti fọ́."

"Ti iwájú ni àbí ti ẹ̀yìn?"

Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Mo gbọn fóònù, mo ní, "Àló? Àló?" Nígbà tó fọhùn, ó dà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ti iwájú, Ìyá."

"Kí ló ṣe é?"

"Fóònù ló bọ́."

"Ìwọ àti ọwọ́ rẹ! Láti kékeré ni nǹkan ti ń jábọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó dáa, yí i padà, lo ti ẹ̀yìn."

"Ti ẹ̀yìn náà ti sán. Bí èéfín ló ń fi nǹkan hàn."

"Yá fóònù ẹlòmíì."

"Ta ló máa yá mi, Ìyá? Ẹ jẹ́ ká máa fi ohùn sọ̀rọ̀ ná."

"Kí ni mo fẹ́ fi ohùn ṣe? Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà. Ó ti lọ sí èbúté."

Ràzáàkì lorúkọ ọkọ rẹ̀, ọmọ Pobè ni. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀, òun jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni, ó le, ó ní èépá. Ó wù mí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fi ohùn kí ara wa. Mo máa bi í bó ṣe wà, á ní dáadáa. Mo máa bi í bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, á ní dáadáa. Aṣọ obìnrin ló ń rán níbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n rán ju èmi lọ. Lọ́jọ́ kan ó jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé Àdìzátù, aládùúgbò rẹ̀, ló ń bá òun fi òwú sí abẹ́rẹ́ báyìí.

"Ní ọjọ́ orí rẹ?" ni mo wí. "Èmi tí mo bí ọ ṣì ń fi òwú sí i fúnra mi. Ọ̀lẹ ti ń wọ ọ́ lára."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bóyá ni, Ìyá."

Ẹ̀rín yẹn kò dùn mọ́ mi. Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí mo bá jókòó ti báàṣì, tí abẹ́rẹ́ ńlá wà lọ́wọ́ mi, "dáadáa" rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́. Ó ti pọ̀ jù. Ẹni tó wà dáadáa kì í tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Mo pinnu pé ojú fóònù yẹn gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, kí n lè rí ọmọ mi. Mo ní kó gbé e lọ fún alátùn-únṣe. Ó ní Ràzáàkì kò fẹ́ kí òun máa jáde lọ sí ibi tí ọkùnrin pọ̀ sí. Mo ní kó dáa, a máa tún un ṣe fúnra wa.

"Báwo, Ìyá?"

"Èèyàn ló kàn án pọ̀. Èèyàn lè tú u."

Mo gun alùpùpù zémìjàn lọ sí ọjà Tọ́kpá. Ọmọ Nàìjíríà kan wà níbẹ̀ tó ń ta ohun inú fóònù, Olúwatóbi lorúkọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Màmá mi àtàtà! Ẹ wọlé, ẹ jókòó, òjò ti fẹ́ pa yín. Kí la fẹ́ ṣe fún yín lónìí?"

"Mo fẹ́ ra ojú."

Ó wò mí, ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ojú kẹ̀? Màmá, a kì í ta ojú níbí o! Ọsibítù lẹ máa lọ."

Mo na fóònù mi sí i, mo fi ìka kan ihò kékeré tó wà lókè gíláàsì. "Ojú iwájú. Irú èyí."

"Háà, kámẹ́rà! Ẹ̀yin Nàgó, ẹ máa fi èdè pa mí." Ó fa dúrọ́ọ̀ kan jáde. "Màmá, ẹ wo èyí. Ojú idì ni. Inú òkùnkùn ló ti ń ríran. Bí ọmọ yín bá fi pè yín, ẹ máa rí ẹ̀rín rẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín."

"Ṣé ó bá a mu?"

"Bí òrùka ṣe ń bá ìka mu ni, mà. Bí ọmọ ṣe ń bá ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ mu."

"Mi ò bi ọ́ léèrè òrùka. Mo ní ṣé ó bá a mu."

"Ó bá a mu, mà," ló wí. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wé e sínú ọ̀rá kó tó sọ ọ́ tán.

Nígbà tí mo délé, mo wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fóònù. Àwọn tó ń ṣàlàyé pọ̀ bí eéṣú. Òmíràn kí àwọn òbí rẹ̀, ó kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sọ ìtàn ara rẹ̀, kò tíì fọwọ́ kan sukúrù. Mo ń kọjá lórí wọn. Mo wá rí ọ̀kan tí a kò rí ojú ẹni tó ń ṣe é, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, lórí tábìlì funfun. Ó tú u, ó fi hàn, ó dúró díẹ̀ kí èèyàn lè rí i, ó tẹ̀ síwájú. Mo gba ọkùnrin yẹn gbọ́. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ títí mo fi lè dijú kí n sì máa rí i.

Mo kọ́kọ́ dán an wò lára fóònù tèmi, kí n tó sọ fún ọmọ mi pé kó fọwọ́ kan tirẹ̀. Mo fi áyọ́ọ̀nù mú àkísà gbóná, mo gbé e lé ẹ̀yìn fóònù kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè rọ̀. Mo ti káàdì pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀, mo fà á yíká díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tú ojú rírán àtijọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí. Mo tú àwọn sukúrù, wọ́n kéré bí irúgbìn ewédú, mo sì tò wọ́n sórí ìwé bí wọ́n ṣe wà lára rẹ̀. Mo yọ okùn bátìrì kí iná má baà sí níbẹ̀ mọ́. Kámẹ́rà iwájú wà lókè, ó kéré ju èékánná ọmọdé lọ. Ó ní ìrù pẹlẹbẹ kan, orí ìrù yẹn sì dà bí bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ pa lára aṣọ ọmọ. Bí èèyàn bá gbé e lé ibi tó yẹ, tó fi ìka tẹ̀ ẹ́, á dún kẹ́ẹ́. Bí kò bá dún, kò tíì wọlé.

Mo gbé ti Olúwatóbi lé e. Ìrù rẹ̀ kò gùn tó.

Mo jókòó síwájú fóònù tó ti là sílẹ̀, mo ń wo ojú idì yẹn. Mo lè padà lọ sí Tọ́kpá. Ó máa fún mi ní àga, ó máa sọ̀rọ̀, ó máa fún mi ní òmíràn tí á tún ní ó bá a mu bí òrùka. Mi ò lọ. Ojú iwájú fóònù tèmi wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, irú kan náà ni. Èmi kọ́ ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. Mo fi ẹ̀mú tí a fi ń yọ ẹ̀gún mú un, mo yọ ọ́ kúrò, mo dé fóònù mi padà láìsí i.

Mo gé báàṣì kékeré, mo rán an bí àpò, mo fi kámẹ́rà náà, irin ìtúsukúrù àti ẹ̀mú sínú rẹ̀, mo rán ẹnu rẹ̀ pa kí omi má baà wọ̀ ọ́. Múrítàlá ni mo fún. Ọmọ Ṣakété ni, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Àbíjàn, èmi ni mo ń rán báàṣì rẹ̀.

"Ìyá Fàdílà, kí ló wà nínú èyí? Wúrà ni?"

"Ojú fóònù ni."

"Ojú fóònù lẹ wá rán pa báyìí? Bí àwọn aṣọ́bodè bá ní kí n tú u ńkọ́?"

"Sọ fún wọn pé ojú ni. Bí wọ́n bá tú u, kó máa wò wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gun ọkọ̀.

Ní Jímọ̀ tí àpò náà ti dé ọwọ́ rẹ̀, Fàdílátù pè mí láti orí fóònù Àdìzátù. Fóònù kékeré olóbọ́tìnnì ni, kò lójú rárá. Ràzáàkì wà ní èbúté. Fàdílátù jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, Àdìzátù sì gbé fóònù kékeré náà lé orí àpótí kí àwa méjèèjì lè máa gbọ́ra. Èmi wà ní ibi iṣẹ́, lábẹ́ páànù, báàṣì Múrítàlá wà lórí ẹsẹ̀ mi. Òun fúnra rẹ̀ ti dé láti ìrìn àjò, ó ń jẹun ní òdìkejì títì. Ó ní òun máa padà lọ ní ọjọ́ náà bí mo bá ti rán an tán.

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mò ń sọ, Fàdílátù ń ṣe. Àkísà gbígbóná, káàdì, sukúrù. Ó pẹ́ lórí sukúrù. Àdìzátù ń dá sí i lọ́tùn-ún lósì.

"Ìyá, ọmọ yín ti tú fóònù o. Ó kù kó tú rédíò mi."

"Àdìzátù, má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹnu ni mo fi ń ṣe tèmi."

Ó yọ kámẹ́rà tó fọ́. Mo bi í bó ṣe rí. Ó ní ojú rẹ̀ ti là sí méjì. Mo ní kó gbé e sọ nù, kó mú tuntun, kó gbé orí ìrù rẹ̀ lé ibi tí ti àtijọ́ wà, kó tẹ̀ ẹ́.

"Kò wọlé, Ìyá."

"Gbé e, tún un gbé lé e."

Mo dúró. Mo ń rán báàṣì, mo ń dúró.

"Kò wọlé."

"Ó ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni. Wò ó dáadáa."

"Mò ń wò ó."

"Sún mọ́ ọn. Ìrù yẹn kò ju ìrù eku lọ, ibì kan ṣoṣo ló lè bọ́ sí."

"Mo rò pé mo ti wà lórí rẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó ti kọjá."

"Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Mo gbọ́ tí ẹ̀mú bọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá a lórí sìmẹ́ńtì. Mo gbọ́ Àdìzátù tó ní, "Níbẹ̀ yẹn, lápá òsì rẹ." Inú ti ń bí mi. Òjò ń bọ̀, báàṣì ṣì kù, gbogbo ohun tó kù láàárín èmi àti kí n rí ọmọ mi ni bọ́tìnnì kan tí ọmọdé lè tẹ̀. Mo sọ ohun tí gbogbo ìyá máa ń sọ.

"Kí ló ń ṣe ọ́? Ṣé o fọ́jú ni?"

Mo gbọ́ tó gbé ẹ̀mú sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Mo ti sọ fún yín, Ìyá," ni Fàdílátù wí. Kò pariwo. "Mo ní ojú kan ti fọ́. Ẹ ní ti iwájú ni àbí ti ẹ̀yìn."

Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo wò ó. Ọkọ̀ kan kọjá lórí títì, omi ta sí ẹsẹ̀ mi. Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà padà bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò fi nǹkan kan bò ó. Bí mo ṣe máa ń ní kí àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́.

"Ọwọ́ Ràzáàkì ni?"

"Fóònù tí mò ń tún ṣe yìí ló sọ lù mí. Mi ò purọ́ fún yín, Ìyá. Fóònù ló bọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ti bọ́. Ojú fóònù fọ́, ojú tèmi náà fọ́."

"O lọ sí ọsibítù?"

"Àdìzátù gbé mi lọ. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ èyí tó kù."

Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ ì bá rí nǹkan sọ fún un. Ohun tó wà níwájú mi nìkan ni mo rí.

"Ṣé kámẹ́rà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà."

"Má wò ó mọ́. Ojú kan kì í mọ bí nǹkan ṣe jìn tó. Ṣé o rántí bí a ṣe ń rán abẹ́ báàṣì, níbi tí ojú kò lè dé? Ìka la fi ń wá ihò. Fi èékánná rẹ wá ibi tó yẹ kó bọ́ sí. Ó ní etí yíká."

"Mo ti kàn án."

"Fi èékánná yẹn síbẹ̀, má gbé e. Fi ọwọ́ kejì fa orí ìrù náà wá títí á fi kan èékánná rẹ. Jẹ́ kó jókòó. Bí kò bá yí mọ́, ó ti jókòó. Wàyí, tẹ̀ ẹ́."

Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá dún kẹ́ẹ́. Láti Àbíjàn, nínú fóònù kékeré Àdìzátù, mo gbọ́ ọ.

"Ó wọlé," ló wí.

Mo ní kó so bátìrì padà, kó de sukúrù, kó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa, kó tan án. Mo pa fóònù. Mo gbé e lé orí báàṣì, mo ń dúró. Nígbà tó dún, mo gbé e.

Mo rí i.

Ó ti rù. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ni ojú tí mo mọ̀. Ti òsì, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wálẹ̀ dé àárín, dúdú inú rẹ̀ ti di funfun bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. Ojú ọgbẹ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tọ́ bí etí fóònù. Kò yí ojú kúrò. Ó gbé e wá sí iwájú kí n lè rí i dáadáa.

"Ìyá, mi ò rí yín. Báàṣì ni mò ń rí."

Òótọ́ ni. Ojú ẹ̀yìn nìkan ló kù lára fóònù tèmi, ó sì dojú kọ ẹsẹ̀ mi.

"Bí mo bá yí i kí o lè rí mi, mi ò ní rí ọ mọ́."

"Ẹ má yí i."

Mi ò yí i. Mo wò ó. Ó jókòó, ó jẹ́ kí n máa wo òun, òun ń wo báàṣì àti ìka ẹsẹ̀ mi.

"Fàdílátù, ṣé kí n wá mú ọ?"

Kó tó dáhùn, ìlẹ̀kùn dún lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn Ràzáàkì kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìyá mi ni," ni Fàdílátù wí. Kò yí orí padà. "Dáadáa ni mo wà, Ìyá. Dáadáa ni gbogbo wa wà."

Bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, ó ń mi orí rẹ̀ sókè sílẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ojú ọ̀tún rẹ̀ sì dúró gangan sínú kámẹ́rà. Ká ní ohùn nìkan ni, n kì bá tí mọ̀. Mo ní, "Mo ti rí i." Gíláàsì fóònù mi di dúdú.

Mo já òwú níbi tí mo dé. Ihò méjì ṣì kù lára báàṣì náà. Mo ká a, mo gbé e lé orí, mo ti àpótí iṣẹ́ mi pa, mo sọdá títì lọ bá Múrítàlá. Ó ń fọ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Ìyá Fàdílà, ẹ ti rán an tán?"

"Kò tíì tán. Màá rán an parí lójú ọ̀nà. Mò ń bá ọ lọ sí Àbíjàn."

"Ẹ̀yin? Nínú òjò yìí? Kí ló dé?"

"Ti ojú yẹn ni."

"Ti fóònù yẹn náà?" Ó nu ọwọ́ lára ṣòkòtò, ó ń wò mí. "Ṣé èyí tí mo gbé lọ kò bá a mu ni?"

"Ó bá a mu," ni mo wí.

Mo gbé báàṣì náà fún un, mo di ìlẹ̀kùn ọkọ̀ mú, mo gòkè. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá abẹ́rẹ́ nínú àpò mi, mo fi òwú sí i.